Orúkọ Kan Ṣoṣo Lára Òkúta

Ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ kò ní ojú oórì. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, Ládòkun, kí o jókòó dáadáa. Mo kọjá níwájú ilé bàbá yín láàárọ̀, mo rí páànù tuntun tí o kó ti ògiri. Wọ́n ní orí yàrá ìyá tìrẹ nìkan ni o fẹ́ kàn wọ́n sí, pé kí àwọn ọmọ ìyàwó kékeré lọ wá páànù tiwọn. N kò ní bá ọ jà, n kò sì ní bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí o dìde kí o máa lọ.

Oyún rẹ̀ kò ju oṣù márùn-ún lọ nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ aṣọ sójà, tí ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ogun Bọ́mà. Ọkọ̀ náà gbé e lọ, kò gbé e bọ̀. Wọn kò rí òkú gbé wálé. Wọn kò rí fìlà, wọn kò rí bàtà. Ìwé pélébé kan ni ìjọba fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ikán sì ti jẹ ìwé náà tán kí ọmọ tó mọ ìwé kà. O kúkú mọ bí a ti ń ṣe níhìn-ín. Inú ọgbà ilé ni à ń sin bàbá ẹni sí. Àwọn ọmọ a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú oórì náà, wọn a kùn ún ní funfun bí ọdún bá dé, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ wọn a jókòó lé e lórí, wọn a máa jẹ ẹ̀pà. Gbogbo ojúgbà ọkùnrin yìí ni ó ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí báyẹn. Òun kò ní. Òkúta kan ṣoṣo ni ó ní, orí òkè ni òkúta náà sì wà.

Òkè náà wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn àgbà ayé ọjọ́un ni wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i lára, igba àtẹ̀gùn ó lé díẹ̀, wọ́n wá gbé òkúta kan nàró sókè téńté, ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, orúkọ àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n lọ sí ogun náà tí wọn kò padà wálé. Bí o bá dúró ti òkúta náà, gbogbo ìlú ni o óò rí nísàlẹ̀: òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà títí dé etídò, ilé ìjọsìn, mọ́ṣáláṣí, ọ̀nà márosẹ̀, àti èéfín àwọn tí ń dáná. Nígbà kan, gbogbo ìlú ni ó ń gun òkè náà lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé ìwé a kọrin lọ, wọn a kọrin bọ̀. Àwọn tí ń darí rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ wọn gba Èkó lọ, àwọn mìíràn gba òkè òkun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ohun ìgbàgbé, tí ẹnikẹ́ni kò gùn ún mọ́ àfi ọkùnrin yìí.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni ọkùnrin yìí ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ń wọ ọgbà olọ́gbà, tí ó ń ṣí ìkòkò omi wọn wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin a máa sáré da omi nù bí wọ́n bá gbúròó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ní lẹ́nu láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀: kí oníkálukú tún iwájú ilé tirẹ̀ ṣe. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, kì í ṣe tìtorí owó oṣù. Ó ní bí oníkálukú bá lè tún tirẹ̀ ṣe, kò ní sí ibi tí yóò dọ̀tí ní ìlú. Ó dára létí, àbí? Èmi náà gbà á gbọ́ rí.

Ọdún tí ó fẹ̀yìn tì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, nítorí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ọjọ́ náà ni ìwé ikú dé ilé. Yóò gbé kẹ́ẹ̀gì, yóò di ọṣẹ dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì sínú àpò, yóò sì yà sí ilé kan nísàlẹ̀ òkè láti fa omi, nítorí kò sí omi lókè. Màmá àgbàlagbà kan ni ó ni kànga ibẹ̀. Orúnkún màmá náà ti kọṣẹ́, àga ni ó máa ń jókòó sí níwájú ilé. Bí ọkùnrin náà bá ti fa omi tán, màmá a ní, “Ẹ bá mi kí wọn lókè o.” Òun náà a ní wọn yóò gbọ́. Ó rò pé ìkíni lásán ni, bí à ti í sọ fún ẹni tí ó ń rìnrìn àjò pé kí ó kí ará ilé.

Bí ó bá dókè, yóò mí díẹ̀, yóò wá orúkọ bàbá rẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé Àlàó. Ó wà ní àárín òkúta, ní ìwọ̀n àyà. Yóò fi ọṣẹ sí i, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọ eyín ọmọ, yóò da omi lé e títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà yóò jókòó ti òkúta, yóò máa ròyìn ọdún náà fún bàbá rẹ̀: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó kọ́lé, ẹni tí ó ṣàìsàn tí ó sì yè. Ó máa ń sunkún níbẹ̀ nígbà mìíràn. Kò sí ibòmíràn tí ó ti lè sunkún bàbá rẹ̀ láyé yìí.

Àwọn ọgbọ̀n orúkọ yòókù ńkọ́? Ohun tútù tí í hù lára ògiri ní ìgbà òjò ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó ti di dúdú, ó ti le. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn wọ́n. Má rò pé ìkà ni. Ìwọ náà rò ó wò. Bí o bá jí láàárọ̀ ọ̀la tí o bá àjèjì kan tí ó ń gbá ojú oórì bàbá rẹ, ṣé o óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? O óò bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Òkú olókùú kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn ní ilẹ̀ yìí, ọkùnrin náà sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Àmọ́ inú a máa bí i sí àwọn ọmọ wọn. A wo òkúta náà, a pòṣé, a ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò nítìjú rárá, bàbá wọn wà nínú ìdọ̀tí, wọ́n wà nílé tí wọ́n ń jẹun. Yóò tún búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dì, yóò sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́.

Ọdún méjìdínlógún ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kọkàndínlógún, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí ó ti gun òkè lọ fọ òkúta, lẹ́tà kan dé láti káńsù.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná. Wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gàdàgbà sínú ìwé ìjọba! Ó kà á síwájú, ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ sórí òkè náà, kí àwọn àlejò lè máa jókòó wo ìlú. Wọ́n ní àwọn yẹ ibẹ̀ wò, àwọn sì rí òkúta ìrántí ẹbí kan níbẹ̀, ti Olóògbé Ògúnmọ́dẹdé Àlàó. Ilẹ̀ ìjọba kì í ṣe ibi tí ẹbí ń ri òkúta mọ́. Kí àwọn ẹbí wá gbé e láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakátá yóò wó o.

Ọkùnrin náà kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà kan ní ilẹ̀ tí òun kò mọ̀. Wọ́n tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì lójú òun. Ó wọ ẹ̀wù, ó gba káńsù lọ.

Obìnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún ni ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga, ó gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé òkúta ẹbí kọ́ ni, òkúta gbogbo ìlú ni, òkúta àwọn ọmọ ogun.

“Bàbá, èmi fúnra mi ni mo gun òkè náà,” ni obìnrin náà wí. “Orúkọ kan ṣoṣo ni mo rí.”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n.”

Obìnrin náà ní àwọn ti wá fáìlì àtijọ́, àwọn kò rí i, ikán ti ba yàrá ìwé àtijọ́ jẹ́ tipẹ́. Ó wá fa bébà kan sọ́dọ̀, ó ṣí bírò. “Ẹ dárúkọ ẹni méjì péré nínú wọn fún mi, sà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ládòkun, ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń dúró níwájú òkúta náà. Ó mọ ibi tí ó sán díẹ̀ lára rẹ̀, ó mọ ìhà tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ kàn án láàárọ̀. Kò mọ orúkọ ẹnìkan nínú àwọn ọgbọ̀n yòókù. Bírò obìnrin náà dúró sójú kan lórí bébà, ara ọkùnrin náà sì gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí nítorí ìtìjú.

Obìnrin náà ṣàánú rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ kẹrìnlá, ìgbìmọ̀ yóò gun òkè náà lọ wo ilẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá rí orúkọ tí ó ṣeé kà, tí àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀ láti dáhùn sí i, ó di ti ìlú nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò lè wó o. Bí wọn kò bá rí, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tí ó délé, ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé òkúta náà wá sínú ọgbà wọn, ṣebí ojú oórì ni ó ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó ti rí i nìyẹn. Ó ronú sí i, ó sì wù ú, kí n má parọ́ fún ọ. Àmọ́ bírò tí ó dúró lórí bébà kò kúrò lójú rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní orí òkè ni wọ́n fi bàbá òun sí, orí òkè ni yóò wà, bí òun yóò bá sì rákòrò gùn ún, òun yóò gùn ún.

Ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó fa omi ní kànga, ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan orúkọ ẹni tí kò bí i. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ onítọ̀hún kí ó tó ha á. Ohun tí ó bò ó ti le bí èépá ìkòkò. Kẹ́ẹ̀gì kan kò fọ̀ ju orúkọ méjì lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ pọn òmíràn. Ní ọjọ́ náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gun òkè, ìyàwó rẹ̀ sì ni ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí kí ó tó lè sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó tún dìde.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà ni màmá oníkànga pè é bí ó ti ń fa omi. Ó bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó fi ń wá lójoojúmọ́, òun tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ọ́ bí wolé-wolé, ó ń bú àwọn ọmọ tí wọ́n fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀ sínú ìdọ̀tí.

Màmá náà ní ṣé orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ni ó ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí ni. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá wo kẹ́ẹ̀gì tí ó wà nílẹ̀.

“Ọdún kọkàndínlógún rè é tí ẹ ti ń fa omi níbí,” ni ó wí. “Ṣé omi mi kì í dé ara bàbá mi ni?”

Ọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀, kò mọ̀ pé òun ti tún gbé e.

Màmá náà kò bínú. Ìbá sàn fún ọkùnrin náà bí ó bá bínú. Ó sọ fún un pé ọmọ ọdún márùn-ún ni òun nígbà tí bàbá òun ń lọ sí ogun. Kí ó tó lọ, ó gbé òun sọ́rùn gun òkè náà, kí wọ́n tó gbé òkúta kankan síbẹ̀. Ó fi ìlú han òun, ó ní kí òun máa ka òrùlé, pé kí òun tó kà á tán òun bàbá yóò ti dé. Òun kò sì mọ òǹkà kọjá ogún nígbà náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi ra ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè náà nígbà tí òun dàgbà. Òun ń gùn ún fúnra òun títí orúnkún fi kọ̀. Nígbà tí orúnkún kọ̀, Ọlọ́run rán ọkùnrin kan tí ó ní kẹ́ẹ̀gì. Ó ní ọkàn òun ti balẹ̀ nípa bàbá òun láti ìgbà náà, òun mọ̀ pé omi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọkùnrin náà béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní Fádáírò Ìṣọ̀lá ni.

Ó gbé omi, ó gun òkè. Ní ìrìn àjò yìí kò dúró mí lójú ọ̀nà. Ó wá Fádáírò ní ìlà òkè, kò rí i. Ó wá a ní ẹ̀gbẹ́, kò rí i. Ó kúnlẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó ha abẹ́ orúkọ bàbá tirẹ̀ gan-an, níbi tí ìdọ̀tí ti pọ̀ jù ní gbogbo ara òkúta náà, tí ó nípọn bí ìka ọwọ́. Lẹ́tà kan yọ, lẹ́tà mìíràn yọ. Fádáírò Ìṣọ̀lá. Ó wà lábẹ́ Ògúnmọ́dẹdé Àlàó, kò sí àlàfo ìka méjì láàárín wọn.

Ó wò ó títí, ohun tí ó ti ṣe sì yé e. Omi ọṣẹ àti èérí tí ó ń fọ̀ kúrò lára bàbá rẹ̀, ibo ni ó ń ṣàn lọ láti ọdún mọ́kàndínlógún? Ó ń ṣàn sórí Fádáírò. Omi tí ọmọ fà fún bàbá rẹ̀, òun ni ọkùnrin yìí fi ń da èérí lé bàbá náà lórí, tí yóò tún jókòó ti òkúta tí yóò máa bú àwọn tí kò tọ́jú òkú wọn. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, kì í sì ṣe bàbá tirẹ̀ ni ó ń sunkún. Ó fọ Fádáírò títí ó fi funfun ju ti bàbá rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ó tẹra mọ́ ọn. Bí ó bá ti fọ orúkọ kan, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sọ̀kalẹ̀ wá ilé ẹni náà kiri. Ó gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rẹ̀ jáde. Bàbá arúgbó kan rí i lókèèrè, ó sáré lọ bo dúrọ́ọ̀mù omi rẹ̀, ó rò pé wolé-wolé tún ti dé! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, ó wá jáde pé ọmọ àbúrò ẹni kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ni bàbá náà. Ó lọ bá àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá lèmọ́mù, ó ní kí wọ́n bá òun ka orúkọ sétí ìjọ. Àwọn mìíràn fetí sí i. Àwọn mìíràn ní kí ó jẹ́ kí òkú sinmi. Ilé kan wà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ní òun ti bá ìlẹ̀kùn pípadé pàdé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìlẹ̀kùn kò dẹ́rù ba òun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó fi ọwọ́ òsì fọ orúkọ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́ta kan tí wọ́n gbọ́ orúkọ bàbá àgbà wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ fọ ti bàbá àgbà wọn kí wọ́n sì máa lọ. Ọkùnrin náà fi ohun tí ó wà lábẹ́ hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n wo ibi tí omi wọn ń ṣàn sí. Wọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, gbogbo orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó funfun nínú oòrùn. Àwọn ènìyàn tí wọ́n gun òkè lọ́jọ́ náà lé ní ọgọ́rin. Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n wo òkúta. Obìnrin káńsù mú ìwé jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ lára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí àwọn tí ó ni ẹni náà dáhùn. Bí ó bá ka ọ̀kan, wọn a ní, “Àwa ni.” Ó ka Ògúnmọ́dẹdé Àlàó, ọkùnrin náà dáhùn. Ó ka Fádáírò Ìṣọ̀lá.

Ẹni kan ṣoṣo tí ó ni Fádáírò wà nísàlẹ̀, níwájú ilé rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n rí i láti òkè, ó gbé ojú sókè sí wọn. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ gbé bírò láti fi àmì sí i pé kò ní ẹnìkan.

“Àwa ni,” ni ọkùnrin náà wí.

Obìnrin náà bi í léèrè bóyá ẹbí ni wọ́n. Ó sì ní láti bi í bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

“A kò tan,” ni ó wí. “Omi ọmọ rẹ̀ ni mo fi ń fọ bàbá mi.”

Obìnrin náà wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ mẹ́fà ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn tí kò ní ẹbí kankan lókè náà. Kò sí èyí tí kò rí ẹni dá a lóhùn nínú wọn. Àwọn tí ó ti fọ̀ wọ́n ni wọ́n ń dáhùn. Òkúta náà ṣì wà lórí òkè. Wọ́n kọ́ ibi ìgbafẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tí ń lọ jókòó níbẹ̀ sì máa ń ka orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó wo ìlú.

Ó tán. Ládòkun, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ìyá rẹ. Kò sí ẹni tí ó sọ pé o kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé o kò fẹ́ ibi fún àwọn ọmọ ìyàwó kékeré, o kàn ní kí oníkálukú tún tirẹ̀ ṣe ni. Ọkùnrin yẹn náà kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo mọ ilé bàbá yín kí wọ́n tó bí ọ. Òkè ni yàrá ìyá rẹ wà, ilẹ̀ sì dà sí ìhà àwọn àbúrò rẹ. Amọ̀ ni ògiri tiwọn, wọn kò tíì rẹ́ ẹ. Òjò ọdún yìí ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Omi tí yóò ti orí páànù tuntun yẹn ṣàn, ara ògiri ta ni yóò dà sí?

Má dá mi lóhùn. Dìde, kí o máa lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò rẹ ni kí o gbà wọlé lónìí, kí o sì fi ọwọ́ kan ògiri wọn bí o bá ti ń kọjá.